Ọjà Owó Pọ́ọ́kú: Ta Ló Ń San Ìyókù?

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìdúró dè mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí ẹ ń tẹ fóònù, mo kí ẹ̀yin náà, mo mọ̀ pé etí yín wà lọ́dọ̀ mi. Alága wa, ẹ ṣé tí ẹ pè mí. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé ìtajà ràgàjì tó kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, mo bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n bú wọn ni, àbí ẹ fẹ́ kí n yìn wọ́n?" Alága ní èyí tó bá wù mí ni kí n ṣe. Ẹ má bínú o, méjèèjì ló wù mí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ta ni nínú wa tí kò tíì wọ irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí? Ẹ nawọ́ sókè. Mi ò rí ọwọ́ kankan o. Ó dáa. Ta ni òun fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí? Háà! Ẹ wo ọwọ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbọ̀ngàn yìí. Èmi náà nawọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi to ọjà lóru ní ọ̀kan nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, àti pé owó ìfẹ̀yìntì mi díẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo àwọn ọwọ́ tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà dáadáa. Ẹni tó ń rajà níbẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé oníbàárà wà lápá kan, òṣìṣẹ́ wà lápá kejì, kí oníkálukú wá gbè sí ẹ̀yìn ti ẹ̀. Irọ́ ni. Àpò kan náà ni owó ti ń jáde, àpò yẹn náà ló ń padà sí, ó sì máa ń fọn díẹ̀ dànù lọ́nà.

Bí oníbàárà ṣe di òṣìṣẹ́ láìgbowó

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, tí o bá fẹ́ ra nǹkan oúnjẹ, iwájú káńtà ni wàá dúró sí. Wàá ka ohun tí o fẹ́ fún ẹni tó ń tajà. Òun ni yóò gun àkàbà, òun ni yóò wọn ìyẹ̀fun, òun ni yóò dì í fún ọ. Ní 1916, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Saunders ṣí ilé ìtajà kan ní Memphis, ó pè é ní Piggly Wiggly. Ó ní kí oníbàárà gbé apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó rìn káàkiri, kí ó mú ohun tó bá fẹ́ lórí pẹpẹ, kí ó wá sanwó nígbà tó bá ń jáde. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, oníbàárà ti gbà á ṣe nìyẹn. Ọjà dínwó díẹ̀, inú gbogbo ènìyàn dùn.

Ní 1937, Sylvan Goldman ní Oklahoma City ṣàkíyèsí pé bí apẹ̀rẹ̀ bá ti ń wúwo lọ́wọ́ oníbàárà, rírà ti parí nìyẹn. Ló bá mú àga tó ṣeé ká pọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì lé e lórí, ó ki táyà sí i lẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa ń tì kiri lónìí nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé àwọn ọkùnrin kọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣé apá àwọn ò ká apẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin náà ní kẹ̀kẹ́ ọmọ tí àwọn ti tì nílé ti tó. Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá yìí ṣe? Ó háyà àwọn kan, ó ní kí wọ́n kàn máa ti kẹ̀kẹ́ káàkiri bí ẹni ń rajà! Àwọn tó kù rí wọn, ojú tì wọ́n láti máa ru apẹ̀rẹ̀, làwọn náà bá gba kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, nítorí ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn oníṣòwò wọ̀nyí mọ̀ wá ju bí a ṣe mọ ara wa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni 1962 dé. Nínú ọdún kan ṣoṣo yẹn, Kmart ṣí ní ìpínlẹ̀ Michigan, Target ṣí ní Minnesota, Sam Walton sì ṣí Walmart àkọ́kọ́ ní ìlú Rogers ní Arkansas. Ọgbọ́n Walton kò le: gba èrè kékeré lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, kí o sì tà á lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ìlú kéékèèké tí àwọn oníṣòwò ńlá kò kà sí, ibẹ̀ ló gbájú mọ́. Lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Walmart káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù méjì. Kò sí ilé iṣẹ́ aládàáni mìíràn tó gba ènìyàn síṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé kẹ̀kẹ́ Goldman o, kò tíì dúró. Ní 1916, o bá wọn mú ọjà lórí pẹpẹ. Ní 1937, o bá wọn ti ẹrù. Nísinsìnyí ńkọ́? O dé iwájú ẹ̀rọ, o fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọjà kọjá lójú iná, o kó o sínú ọ̀rá, o sanwó, ẹ̀rọ náà sì tún ń pariwo pé kí o dúró kí ẹnì kan wá yẹ̀ ọ́ wò. O ti di kásíà wọn, wọn ò san sẹ́ǹtì kan fún ọ, wọ́n sì tún fura sí ọ!

Kí ló ń gbé wa lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀mọ̀wé ni. Tí a bá jókòó báyìí, á sọ pé òun ò lè fi ẹsẹ̀ òun tẹ irú ibẹ̀ láéláé, pé wọ́n ń fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́, wọ́n ń pa àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pẹ̀lú ẹ̀rí. Lóru ọjọ́ kan mo ń to igò oògùn sórí pẹpẹ, ó ti tó aago mọ́kànlá kọjá, mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Ọ̀mọ̀wé! Sílípáàsì inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná, kò sì sí ibòmíràn tó ṣí. Mo kí i. Ó ní òun kàn ń kọjá ni.

Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbé e wá lóru náà ló ń gbé gbogbo wa lọ. Ilẹ̀kùn wọn kì í tètè tì. Ohun gbogbo wà lábẹ́ òrùlé kan. Tí o bá ra nǹkan tí kò dáa, wàá dá a padà, wọn ò ní bá ọ jà. Owó wọn náà sì rọjú. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ná lè sọ pé ìyàtọ̀ dọ́là kan lórí páálí wàrà kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin nílé mọ iye tí dọ́là kan ń dà tí oṣù bá parí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Walmart bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn oògùn kan ní agbègbè Tampa ní Florida, oògùn tí ènìyàn máa lò fún oṣù kan ní dọ́là mẹ́rin péré, kí wọ́n tó mú un dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin tí ẹ gbé ilẹ̀ yìí láìní adíyelófo ìlera, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ènìyàn kan kò lè wá sọ fún mi pé ilé ìtajà yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore rí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Àwa tí a ń rajà náà ní ẹ̀dùn ọkàn o. Ogún ni ibi ìsanwó, méjì ló ní ènìyàn. Ọṣẹ ìfọṣọ wà lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n tì pa, wàá tẹ aago, wàá dúró títí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yóò fi dé. Ẹni tó bá tún dé, ojú rẹ̀ á ti le koko. Ìwọ á ní, "Irú òṣìṣẹ́ wo nìyí?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ bá òṣìṣẹ́ náà.

Ẹni tó wọ ẹ̀wù náà

Ibí yìí ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni orúnkún mi ti bàjẹ́.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, káàdì orúkọ wà láyà wọn, ẹ̀rín wà lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí, wọn kì í tilẹ̀ pè ọ́ ní òṣìṣẹ́. "Associate" ni wọ́n ń pè ọ́, bí ẹni pé ìwọ àti wọn lẹ jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń wọlé. Ọkọ̀ àjàgbé ti já ẹrù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, páálí lórí páálí, wọ́n ga ju ènìyàn lọ. Wàá fi ọ̀bẹ la páálí, wàá to ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ti pẹ́ síwájú, tuntun sẹ́yìn, wàá tẹ páálí òfìfo pẹlẹbẹ, wàá mú òmíràn. Ọ̀gá mọ iye páálí tó yẹ kí o tò ní wákàtí kan. Tí o bá ń to pẹpẹ ìsàlẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ju bí mo ṣe kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí pé kí ló le jù nínú iṣẹ́ náà, mi ò ní sọ pé páálí. Mi ò ní sọ pé owó pàápàá. Àkókò ni! Ẹ fetí sí mi dáadáa. Obìnrin kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́, ẹ̀ka ẹ̀wù ọmọdé ló wà. Ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti yí padà. Nígbà mìíràn á ti múra tán, wọ́n á pè é pé kó má wá mọ́, pé ọjà ò yá. Ta ni yóò bá a mú ọmọ nílé ìwé? Báwo ni yóò ṣe wá iṣẹ́ kejì, nígbà tí kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò pè é? Ó sọ fún mi lóru ọjọ́ kan pé, "Owó tí wọn ò san fún mi, mo lè fara dà á. Ọjọ́ ayé mi tí wọ́n dì mú sọ́wọ́ láìsan nǹkan kan lé e lórí, òun ni mi ò lè fara dà." Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Òmíràn tún wà. Láti ìgbà tí òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2010 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ fi adíyelófo ìlera lọ ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ gbèsè ìtanràn. Òfin tó dáa ni. Ẹ wá wò ó: ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wákàtí mélòó ni wọ́n ń fún un? Màmá yẹn ní 28. Ẹ̀yin ńkọ́, sà? 29. Ẹ rẹ́rìn-ín o! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ti àkókò iṣẹ́ tó ń yí padà ṣáá yẹn, àwọn ibì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dí ihò rẹ̀. San Francisco ṣòfin tirẹ̀ ní 2014, ti Seattle bẹ̀rẹ̀ ní 2017, òfin ìpínlẹ̀ Oregon náà bẹ̀rẹ̀ ní 2018, òun sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kárí. Ní Oregon báyìí, ilé ìtajà ńlá tó ní òṣìṣẹ́ 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Tí wọ́n bá yí i padà lójijì, wọ́n á san nǹkan sí i. Kì í ṣe owó iṣẹ́ ni wọ́n fi kún níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà lásán ni wọ́n fún ènìyàn. Ẹ lọ bi òbí tó ń dá ọmọ tọ́ bóyá kàlẹ́ńdà jẹ́ nǹkan kékeré.

Ẹ má rò pé ẹkún nìkan ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ nígbà tí gbogbo ìwé ẹ̀rí tí mo kó wá sí ilẹ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan lójú àwọn yòókù. Wọn ò bi mí léèrè ìdí tí èdè mi fi ń dún bẹ́ẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tó ń kó kẹ̀kẹ́ jọ níta nínú òjò nígbà tí mo débẹ̀, ó ti di igbákejì ọ̀gá kí n tó kúrò. Doug McMillon, tó di ọ̀gá àgbà Walmart ní 2014, ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ lásìkò ìsinmi, ní 1984. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ yẹn ló gbé àwọn dìde, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń sọ pé ó tẹ àwọn mọ́lẹ̀, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo ti rí méjèèjì nínú ilé kan náà lóru kan náà.

Ó wá kan owó. Owó tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n san ní wákàtí kan ni dọ́là 7.25. Láti 2009 ló ti wà bẹ́ẹ̀! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti dàgbà tó láti máa wáṣẹ́. Àwọn ilé ìtajà ńlá ti kọjá iye yẹn, ká sọ òótọ́. Walmart gbé tirẹ̀ dé dọ́là 9 ní 2015, ó dé 14 ní 2023. Kí ló fà á? Àánú wa kọ́ ló ṣe wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo, àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣòfin tiwọn, ènìyàn sì ṣọ̀wọ́n láti gbà síṣẹ́.

Ní 2020, àjọ GAO, àwọn tó ń bá ilé aṣòfin yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì tún ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ SNAP tàbí ìlera Medicaid ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Walmart àti McDonald's wà lára àwọn agbanisíṣẹ́ tí orúkọ wọn ń jáde ṣáá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń gba ìrànwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó kún ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Wọ́n ń jí, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, owó náà ò sì gbé oúnjẹ dé orí tábìlì. Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìbéèrè tó wà ní àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Tí ọjà bá jẹ́ pọ́ọ́kú, ta ló ń san ìyókù? Ìwọ ni. O san díẹ̀ níbi ìsanwó, o san ìyókù nínú owó orí. Òṣìṣẹ́ náà sì fi orúnkún san tirẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Bàbá, bí òwò ṣe rí nìyẹn, tí wọ́n bá san owó gidi, ọjà á wọ́n." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Costco wà níbẹ̀, ilé ìtajà ràgàjì ni àwọn náà, Seattle ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ní 2021, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbẹ̀ ń gba dọ́là 17 ní wákàtí kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn kò tíì dé 15. Wọn kì í fi ohun tó pọ̀ lé owó ọjà, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin rẹ̀. Hot dog àti ohun mímu wọn, dọ́là kan ààbọ̀ ni láti ìgbà tí àwọn kan nínú yín kò tíì débí, bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Irú ọjà bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ni wọ́n ń tà, nígbà tí ti Supercenter, ilé ìtajà Walmart tó tóbi jù, lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Owó ẹgbẹ́ tí oníbàárà ń san lọ́dọọdún kó tó lè rajà níbẹ̀ ló sì gbé èrè wọn ró.

Kí n má bàa purọ́ fún yín, ti Costco náà ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó ẹgbẹ́, tí kò ní ọkọ̀ láti fi gbé ìwé ìnùdí ọgbọ̀n, tí kò ní ẹ̀rọ amómitutù ńlá nílé, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Òtòṣì gan-an kò lè ra ọ̀pọ̀ láti fi dín owó kù. Àwọn tó ń fi Costco na Walmart lójú kì í sábà sọ ìyẹn.

Kí n yára fọwọ́ kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 2000, àwọn tó ń gé ẹran ní Walmart kan ní Jacksonville ní Texas dìbò pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ bíi méjì lọ tí ilé iṣẹ́ kéde pé ẹran tí wọ́n ti gé tán, tí wọ́n ti dì tán, ni wọn yóò máa tà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Jonquière ní Kánádà, òṣìṣẹ́ gba ẹgbẹ́ ní 2004, wọ́n ti ilé ìtajà náà pa ní 2005. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà dá òṣìṣẹ́ láre ní 2014. Ọdún mẹ́sàn-án! Ta ló ń dúró de owó oúnjẹ fún ọdún mẹ́sàn-án?

Ìlú tó lé wọn, ìlú tó sunkún wọn

Ní Inglewood ní California, ní 2004, Walmart gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìdìbò kí àwọn ará ìlú lè fún wọn láyè láti kọ́lé láìgba ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Ará ìlú kọ̀ jálẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá.

Chicago ló dùn mí jù láti máa sọ. Ní 2006, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé kí ilé ìtajà ràgàjì san ó kéré tán dọ́là 10 ní wákàtí kan àti dọ́là 3 àjẹmọ́nú tó bá fi máa di 2010. Ìjà ńlá ni. Àwọn kan ní òfin náà á gbà wá. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtajà ní àdúgbò yín lẹ ń pariwo, àwa ò ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá." Olórí ìlú, Richard Daley, kọ̀ láti fọwọ́ sí i, òfin náà sì kú. Walmart wọ ìlú.

Ẹ jẹ́ ká fò dé 2023. Walmart kéde pé àwọn fẹ́ ti ilé ìtajà mẹ́rin pa ní Chicago, ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n ní níbẹ̀. Wọ́n ní àdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn ń jẹ lọ́dọọdún. Ta ló pariwo? Àwọn ará àdúgbò! Níbo ni ìyá àgbà tí kò ní ọkọ̀ yóò ti máa gba oògùn? Wọ́n bú wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n tún bú wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Àwọn kan fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ènìyàn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́ nígbà méjèèjì: kí ẹni tó bá gba àdúgbò wọn má fi wọ́n ṣeré.

Ìlú kékeré kan wà ní North Carolina, Oriental ni wọ́n ń pè é, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Walmart ṣí ilé ìtajà kékeré síbẹ̀ ní 2014. Ilé ìtajà oúnjẹ tí ìdílé kan ti ń bójú tó fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kò lè bá wọn dọ́gba, ó kógbá wọlé ní 2015. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Walmart ní àwọn fẹ́ pa gbogbo irú ilé ìtajà kékeré bẹ́ẹ̀ rẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìlú náà wá wà láìní èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, wọn ò sì ní èyí tó lé e lọ.

Àwọn ìbéèrè

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo rí àwọn ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí a má rajà níbẹ̀ mọ́? Rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ń rà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí kásíà, ẹ lọ sọ́dọ̀ kásíà, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni tèmi.

Ọ̀dọ́ yẹn ní íntánẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ pa gbogbo wọn, kí ni à ń jà fún? Ọmọ mi, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì náà, inú ilé ràgàjì ni wọ́n kó o sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oníbàárà ò rí ẹni tó ń kúnlẹ̀ mọ́.

Màmá tó wọ gèlè àwọ̀ búlúù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ. Ẹ ní wọ́n fẹ́ gba ọmọ yín síṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kó lọ. Kó lọ, mà. Kó tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè nǹkan mẹ́rin. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, kì í ṣe iye tó ṣeé ṣe, iye tí ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ń rí gan-an. Ọjọ́ mélòó ṣáájú ni wọ́n máa ń gbé àkókò iṣẹ́ jáde. Ìgbà wo ni adíyelófo ìlera ń bẹ̀rẹ̀, wákàtí mélòó sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gbà á. Bóyá wọ́n ń san owó ilé ìwé, nítorí àwọn kan nínú wọn ń san án, ọ̀pọ̀ ọmọ ò sì mọ̀. Tí ọ̀gá bá ní, "Má ṣe ìyọnu, a máa yanjú ẹ̀," kí ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Kó sì ra bàtà tó nípọn nísàlẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń bo orúnkún kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ka irinṣẹ́ ni wọ́n ti ń tà á, ní ilé ìtajà yẹn náà. Òṣìṣẹ́ ń rí ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá gbà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kó béèrè.

Alága, gbohùngbohùn yín rèé.